Ẹ Jọra Níwà, Ẹ Má Jọra Lọ́wọ́

Ọmọ mi, ìròyìn ẹgbẹ́ yín ti dé etí mi, inú mi sì dùn débi pé gbogbo ẹni tó wá kí mi lọ́sẹ̀ náà ni mo sọ ọ́ fún. Wọ́n ní ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kan, tí gbogbo yín lè yí àwo ẹ̀wà kan ká kó sì kárí, ti di èrò tí ilé kan kò gbà mọ́. Ayàwòrán wà níbẹ̀, aládìrẹ wà níbẹ̀, àwọn tí ń ya fọ́tò, àwọn tí ń ṣe fíìmù, àwọn tí ń kọ̀wé, àwọn tí ń lùlù, àti àwọn kan tí kò tíì mọ ohun tí ọwọ́ wọn yóò dá lé, tí wọ́n kàn mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọkàn wọn ń fà sí. Wọ́n tún ní ìwọ fúnra rẹ ti ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé nǹkan kò rí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ mọ́, pé ẹ̀rín ti dín kù, pé iṣẹ́ ẹnì kan ti ń jọ ti ẹnìkejì, tí ẹnìkẹta sì ń kùn lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, kí o lè máa kà á ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lórí ìdúró kọ́ ni.

Àwọn baba wa ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń pa òwe yẹn bíi pé ìrètí ti tán, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni èmi ń gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn: eré dùn, eré ló sì ń kó ọmọdé jọ, àmọ́ ọjọ́ tí eré bá di iṣẹ́, tí iṣẹ́ di owó, tí owó di orúkọ, ohun mìíràn gbọ́dọ̀ ti wà láàárín àwọn tó jọ ń ṣeré náà tí yóò so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ẹ kò tíì ju mélòó kan lọ, ìtìjú ara yín nìkan tó láti tọ́ yín, nítorí kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè fi ìwàkiwà pa mọ́ sí. Èrò ló ń pọ̀ tí ojú fi ń fo ènìyàn, tí ẹni tó wà ní igun kan kò sì mọ ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tó wà ní igun kejì. Ibi tí ẹ dé nìyẹn, kò sì yẹ kó já ọ láyà.

Jẹ́ kí n mú ọ rìn padà díẹ̀, torí ẹ̀yin kọ́ ni ẹ kọ́kọ́ rin ọ̀nà yìí ní ìlú Òṣogbo wa. Dúró Ládípọ̀, tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí Ṣàngó lórí ìtàgé, tíṣà ni, olórin ṣọ́ọ̀ṣì sì ni pẹ̀lú. Ó kọ orin Àjíǹde, ó gbé ìlù ilẹ̀ wa wọ inú rẹ̀, inú àwọn kan nínú ìjọ kò sì dùn sí i rárá. Lójú tiwọn, ìlù tí a fi ń bọ òrìṣà kò ní ohun tí yóò ṣe nínú ilé Ọlọ́run. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ó gbé orin rẹ̀ lọ síbi tí etí wà fún un. Ní ọdún 1962, òun àti Ulli Beier, ará Jámánì tó ń kọ́ àwọn àgbà lẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì ti wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ n'Íbàdàn ní ọdún tó ṣáájú, sọ ibi tí Dúró ti ń ta ọtí di ilé ọnà, Mbárí Mbáyọ̀. Níbẹ̀ ni eré Dúró tó ń jẹ́ Ọba Kò So ti jáde ní 1963, kí wọ́n tó gbé e dé Berlin ní 1964 àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi ojú sí ni irú àwọn tó gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Jímọ̀ Bùràímọ̀, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe fún eré Dúró, òun ló ń tan iná sórí ìtàgé. Twins Seven-Seven, ọmọ Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, bí ó ti ń jó tẹ̀lé ọkùnrin kan tó ń polówó oògùn kiri ló ṣe dé Òṣogbo. Múráínà Oyèlámì láti Ìràgbìjí, ó ń ṣe eré, ó ń lùlù. Àṣírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ ni, ó ti dàgbà ju àwọn yòókù lọ, òun ló padà ń fi òòlù kọ ìtàn sára bàbà àti alumíníọ̀mù. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mú ìwé ẹ̀rí ọnà wá, kò sì sí ẹni tó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo máa ń rò ó pé ẹni tí a ti sọ fún rí pé ìlù rẹ̀ kò bá ibí mu ló mọ bí ó ṣe yẹ kí a ṣí ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ọmọ mi, nígbà tí ẹgbẹ́ yín bá ti ní orúkọ, tí àwọn ènìyàn sì ń tò sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé tàbí ẹ̀yà aṣọ tàbí ẹni tó mọ ẹni di òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń gba ènìyàn wọlé. Ẹ fún ẹni tó fẹ́ wọlé ní iṣẹ́ kékeré kan ṣe, kí ẹ wo bí ó ti ń bá àwọn tí kò lè ṣe é lóore kankan sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbi gbígba ènìyàn wọlé tí ó máa ń fa ìjà abẹ́lẹ̀, mo sì fẹ́ kí o tètè yanjú rẹ̀. Ẹni tuntun lè dàgbà jù yín lọ. Ó lè jẹ́ ẹni tó bí ọmọ méjì, tó fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ wá kọ́ àdìrẹ lọ́dọ̀ ọmọ ogún ọdún. Ta ni yóò kúnlẹ̀ fún ta? Àwọn baba àti ìyá wa ti rí irú èyí tipẹ́: nínú agboolé, ìyàwó tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyáálé, ì báà jẹ́ pé èyí tó tẹ̀lé e dàgbà jù ú lọ, láàárín àwọn awo, ẹni tó kọ́kọ́ tẹfá ni ẹ̀gbọ́n ní ìdí Ifá. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí ọmọdé má kí àgbà. Ẹ jẹ́ kí nǹkan méjèèjì dúró sí àyè tirẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, níbi oúnjẹ, níbi ìkíni, ẹni tó dàgbà ni àgbà, kí ọmọ ogún ọdún yẹn kúnlẹ̀ kí ìyá ọlọ́mọ méjì. Ní ìdí ìkòkò aró, ẹni tó ti ń ki ọwọ́ bọ aró láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọ̀gá, kí ìyá ọlọ́mọ méjì sì gba ìtọ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ láìbínú. Bí ẹ bá sọ èyí síta ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bá wọlé, ẹ óò gba ara yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ojú dídì.

Wàyí o, gbọ́ ohun tó jẹ mí lógún jù. Denis Williams, ayàwòrán ará Guyana, ló kọ́kọ́ wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Mbárí Mbáyọ̀, àwọn bíi Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé sì yọjú níbẹ̀. Ní 1964, ó kan Georgina Beier, arábìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí o gbé yẹ̀ wò. Kò dúró níwájú wọn kí ó ní ẹ wò mí, ẹ ṣe bí mo ti ń ṣe. Ó fún wọn ní ọ̀dà àti ohun tí wọn yóò kùn, ó ń wò wọ́n, ó ń dúró de ìgbà tí ohun tó jẹ́ ti ẹni náà gan-an yóò yọ lórí iṣẹ́, nígbà náà ni yóò tọ́ka sí i pé òun rí i. Lẹ́yìn tí èrò túká, ó bá ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ṣiṣẹ́ lọ, ó ń wá ohun èlò tó bá ọwọ́ kálukú mu. Seven-Seven di gègé àti yíǹkì mú, ó fi iwin àti ẹbọra kún ojú iṣẹ́ débi pé kò sí àyè tí ojú lè sinmi. Oyèlámì ń ya ojú ènìyàn àti òrùlé ìlú, iṣẹ́ rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Adébísí Fábùnmí gbẹ́ àwòrán tí a ń tẹ̀ sórí ìwé, ó tún padà fi òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi ṣe àwòrán. Bùràímọ̀ mú ìlẹ̀kẹ̀, ohun tí ilẹ̀ wa mọ̀ mọ́ adé ọba, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó títí ó fi di àwòrán.

Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí jọ ń ṣeré lórí ìtàgé kan náà, wọ́n jọ ń lùlù, wọ́n jọ ń jẹun, ṣùgbọ́n gbé iṣẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lónìí, o kò ní ṣi iṣẹ́ ọ̀kan mú fún ti èkejì láéláé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà, ọmọ mi. Ẹgbẹ́ ọlọ́nà tó bá yè kooro, wọ́n máa ń jọra níwà, wọn kì í jọra lọ́wọ́. Bí wọ́n ti ń kí ara wọn, bí wọ́n ti ń pín owó, bí wọ́n ti ń sọ òótọ́ fún ara wọn, bí wọ́n ti ń ṣe àlejò, ọ̀kan ṣoṣo ni, o lè dá wọn mọ̀ níbikíbi pé ọmọ ilé kan ni wọ́n. Àmọ́ tí ó bá di ojú iṣẹ́, oníkálukú ni tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí àìsàn bá ti wọ̀, ìdàkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni: iṣẹ́ gbogbo wọn á máa jọra bí ẹyin, ìwà wọn á sì yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru, kálukú á máa gbowó níbi tí ẹnikẹ́ni kò rí. Nígbà tí o sọ pé iṣẹ́ ẹnì kan ti ń jọ ti ẹnìkejì, tí ẹ̀rín sì ti dín kù, o rò pé ohun méjì lo sọ. Lójú tèmi, ohun kan náà ni.

Àìsàn yìí ti ṣe Òṣogbo wa rí. Nígbà tí iṣẹ́ àwọn ẹni àkọ́kọ́ ti rìn dé òkè òkun, àwọn olùrajà ń wá, wọ́n sì ń béèrè irú èyí tí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò tíì rí ọwọ́ ara wọn ló gbé ọwọ́ ẹlòmíràn wọ̀, iwin tí wọn kò lá lálàá rẹ̀ ni wọ́n ń yà, tí wọ́n sì ń tà á fún ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀. N kò dá wọn lẹ́bi púpọ̀, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ló kú sínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀ pé ó wà.

Síbẹ̀, má ṣe sáré pe ọmọdé ní olè nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ọ̀gá rẹ̀. Gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń fara wé ọ̀gá. Ọmọ tó ń kọ́ ère gbígbẹ́ lè lo ọdún mélòó kan ní títẹ̀lé ojú ẹ̀yà tí ọ̀gá rẹ̀ ti fi àáké là kí ó tó dá ère tirẹ̀ gbẹ́. Ìlà tí mo fẹ́ kí ẹ fà ni pé, nígbà tí o bá ń kọ́ṣẹ́, fara wé ẹni tí o bá fẹ́, kí o sì máa dárúkọ rẹ̀ láìbò ó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ń lọ sí ọjà lábẹ́ orúkọ rẹ, ọwọ́ rẹ ni kí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì kọjá ìlà yẹn, ẹ má bá a wí lójú èrò. A kì í fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ kí á má fi tòsì fà á mọ́ra. Pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbé iṣẹ́ méjèèjì síwájú rẹ̀, kí o bi í léèrè pé apá ibo nínú èyí ni ó ti ọ̀dọ̀ rẹ wá. Bí ó bá tọ́ka sí ibì kékeré kan, ì báà jẹ́ igun lásán, igun yẹn ni kí o ní kí ó lọ sọ di odindi.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ óò máa gbé iṣẹ́ sí àárín, kí gbogbo yín yí i ká. Kí ẹni tó ni iṣẹ́ kọ́kọ́ dákẹ́. Kí ẹni tó kéré jù lọ nínú yín kọ́kọ́ sọ ohun tó rí, kí ó máa gòkè bẹ́ẹ̀, kí ìwọ tí o jẹ́ olórí sọ tìrẹ gbẹ̀yìn. O mọ bí àwa Yorùbá ti rí: bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, ọmọdé yóò gbé tirẹ̀ mì, ohun tí ojú rẹ̀ tó mọ́ jù tiwa lọ rí yóò sì bá a sùn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí àgbà bá sì fẹ́ kí ọgbọ́n ọmọdé jáde, àgbà ni yóò fi àyè sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá sì ti ń sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́, iṣẹ́ ni kí ẹ bá wí. Ẹnu tó bá ti kúrò lórí àwòrán tó bọ́ sórí bàbá ẹni tó yà á, ẹ pa á lẹ́nu mọ́ níbẹ̀ gan-an.

Ó kan owó. Èyí kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó nílò ìwé. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye tó jẹ́ ti ẹni tó ṣe é, iye tó wọ àpò ẹgbẹ́, ohun tí wọn yóò fi ti àpò ẹgbẹ́ ṣe; kí akápò máa ka ìwé ìṣirò sókè lóṣooṣù, kí ọmọ tó wọlé lánàá pàápàá lè béèrè ìbéèrè láìsí pé ẹnikẹ́ni fajú ro. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, mo sì ti rí ẹgbẹ́ tó lágbára jù tiyín lọ tó túká nítorí owó tí kò tó nǹkan, torí pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ju ẹnì kan lọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ gùn ju ti owó lọ. Lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, ibi tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Bí o bá bi àlejò léèrè pé ta ló ṣe àwọn ère ńláńlá wọ̀nyẹn, orúkọ Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ni yóò kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí arábìnrin ará Austria yẹn, tó dé ilẹ̀ wa ní 1950, fi gbogbo ayé rẹ̀ jìn fún igbó náà títí ó fi kú ní 2009. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà wà níbẹ̀, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ti iṣẹ́ káfíńtà bọ́ sí iṣẹ́ òkúta wà níbẹ̀, Kàsálì Àkàngbé tó jẹ́ ọmọ ìdílé agbẹ́gilére wà níbẹ̀, Sàká Àrẹ̀mú wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí orúkọ wọn kò dún tó bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tó dá a ṣe, aráyé ló fẹ́ràn láti rí ẹnì kan ṣoṣo níbi tí ènìyàn púpọ̀ ti làágùn. Yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà. Àwọn oníròyìn yóò wá, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá jù ni wọn yóò gbé makirofóònù sí lẹ́nu, ẹ̀rí iṣẹ́ gbogbo yín yóò sì bá a lọ. Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ di àṣà báyìí tí ẹ ṣì lè ka ara yín: ẹni tó po ọ̀dà, ẹni tó gbé iná, ẹni tó se oúnjẹ lọ́jọ́ tí ẹ ya fíìmù, ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì fún ọ kí n má baà gbàgbé. Ní 1947, àwọn fadá ìjọ Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀, Kevin Carroll sì ni ọ̀kan nínú wọn. Bándélé, ọmọ Aréògún ti Ọ̀sì, agbẹ́gilére tí òkìkí rẹ̀ kàn, wà níbẹ̀ tó ń gbẹ́gi. Lámídì Fákẹ́yẹ wá láti Ìlá Ọ̀ràngún. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n ti bí Lámídì, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ igi kí ó tó dé ibẹ̀, síbẹ̀ ó jókòó lábẹ́ Bándélé fún ọdún mẹ́ta láti kọ́ṣẹ́. Mùsùlùmí ni, nínú ilé iṣẹ́ àwọn fadá ló wà, ère inú Bíbélì wà lára ohun tí wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà gbẹ́ ẹ ni ọ̀nà tí àwọn baba wọn fi ń gbẹ́ ère òrìṣà. Ẹ̀sìn mẹ́ta jọ wà lórí igi kan, igi náà kò sì ya. Mo mọ̀ pé nínú yín, ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà, ẹni tó ń kírun wà, ẹni tó ti ń padà sí ọ̀dọ̀ òrìṣà wà. Ẹ má sọ pé ẹ kò ní í sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá, nítorí ohun tí a bá dì lẹ́nu ní í máa wú níkùn. Ẹ jẹ́ kí kálukú mọ ọjọ́ ìsinmi ẹnìkejì, kí ẹ má fi ìpàdé sí ọ̀sán Jímọ̀ tàbí òwúrọ̀ Àìkú, kí ẹ má sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni ya ohun tí ọkàn rẹ̀ kọ̀. Lámídì yẹn padà di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ère Odùduwà tó wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde.

Ìjà yóò wà. Kò sí ahọ́n àti eyín tí kì í jà. Ẹ yan àgbà méjì tàbí mẹ́ta tí kò sí nínú ẹgbẹ́, tí wọn kò ní iṣẹ́ láti tà níbẹ̀, kí ẹ máa gbé ẹjọ́ tó bá ti le lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í ṣe ìjà, tí n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín pè é ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Bí ọ̀gá kan bá ń fi ẹ̀kọ́ṣẹ́ tàbí ipa inú fíìmù tàbí ìrìn àjò òkè òkun tan ọmọbìnrin tàbí ọmọkùnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ó lè bá a sùn, bí ẹ̀bùn ọ̀gá náà tilẹ̀ tóbi bí òkè Olúmọ, kí ó fi ilé náà sílẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń bò ó nítorí pé ọ̀gá ni, nítorí pé orúkọ ẹgbẹ́ yóò bàjẹ́, ọkàn mi sì ń gbọgbẹ́ sí i títí dòní. Àwọn òbí tó fi ọmọ wọn lé yín lọ́wọ́ kò fi í lé yín lọ́wọ́ fún ìyẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Wọ́n ní ẹ ń wá ilé ńlá kan tí yóò gba gbogbo yín. Èmi kò bá yín fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí ojú ẹni tó mọ iṣẹ́ kò bá ti lè dé ọwọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú ilé mọ́, ilé náà ti tóbi jù, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn á sì máa kọ́ ìwà lọ́dọ̀ ẹni tí kò tíì kọ́ ọ. Ó sàn kí ẹ ní àgbàlá méjì, mẹ́ta, tí wọ́n ń ṣe ìwà kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ti Òṣogbo ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ulli àti Georgina Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ bí ogun abẹ́lé ti ń bọ̀, iṣẹ́ kò dúró. Dúró Ládípọ̀ kú ní 1978, kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Abíọ́dún aya rẹ̀, tó ń ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, kò jẹ́ kí eré náà kú mọ́ ọn. Oyèlámì dá ilé ọnà sílẹ̀ ní Ìràgbìjí, ìlú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi í jẹ oyè Eésà. Nike Òkúndayé, tí òun náà gba iṣẹ́ ní Òṣogbo yìí, dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀ níbí ní 1983, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní aró àti àdìrẹ àti àwọn iṣẹ́ mìíràn láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tó ní kí gbogbo wọn wà lábẹ́ òrùlé kan kí wọ́n tó lè jẹ́ ọmọ ìyá.

Nítorí náà, ẹ gba ilé kékeré kejì yẹn, èyí tó wà ní ọ̀nà Ìkìrun, tí wọ́n ní owó rẹ̀ kò ga. Ọmọbìnrin tó ń ṣe àdìrẹ, tí o sọ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ kéékèèké máa ń yí ká, fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Má fún ẹni tó ń béèrè rẹ̀ jù. Bá a lọ lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣí i, jókòó sí ẹ̀yìn, kí o sì jẹ́ kí òun kí àlejò. Lẹ́yìn náà, kí o máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Bí ó bá ṣe nǹkan lọ́nà tó yàtọ̀ sí tìrẹ, wò ó bóyá ìwà ni tàbí ọwọ́; bí ó bá jẹ́ ọwọ́, dákẹ́. Nígbà tí ẹ bá mọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ṣí i, ẹ ránṣẹ́ sí mi ṣáájú, kí n lè sọ fún ẹni tí yóò fi ọkọ̀ gbé mi, nítorí mo fẹ́ fi ojú ara mi rí iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan.